Help to Buy: bí a ṣe fi ẹ̀yáwó ìjọba ra ilé wa àkọ́kọ́ ní Dartford, àti ohun tí ojú wa rí nígbà tí ọdún márùn-ún pé

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí léèrè nípa Help to Buy, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti gba ẹni tuntun síbẹ̀ mọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ilé tí wọ́n fi rà láàárín 2013 sí 2023 lé ní 380,000, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á ni kò sì tíì san owó ìjọba tán. Àwọn tó ń wá ilé lónìí náà ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa, wọ́n sì rò pé ìjọba kàn ń ta èèyàn lọ́rẹ ni. Ẹ̀yáwó ni o, ẹ̀yáwó tó sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà dàgbà. Bí mo bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún un, màá sì sọ ohun tó jẹ ìràwọ̀ karùn-ún.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣì wà nìyí. Ilé tuntun tí kọ́ńtírákítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nìkan ni wọ́n ń fi í rà. Ẹ ó mú 5% owó ilé wá, ìjọba á yá yín ní 20%, àwọn tó ń rà ní London sì lè gbà tó 40% láti ọdún 2016. Báńkì á wá yá yín ní ìyókù. Ọdún 2019 la ra tiwa ní Dartford, ní Kent: ilé oníyàrá méjì, £300,000. £15,000 jáde lápò wa, £60,000 ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, báńkì sì yá wa ní £225,000. Nítorí pé ilé àkọ́kọ́ wa ni, tí owó rẹ̀ kò sì kọjá £300,000, a kò san kọ́bọ̀ fún owó-orí ilé rírà tí wọ́n ń pè ní stamp duty. Odindi ọdún márùn-ún ni ìjọba kò fi gba èlé lórí £60,000 yẹn. £1 lóṣù ni wọ́n ń yọ nínú àkáǹtì wa fún ìtọ́jú ìwé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí a fi nílò rẹ̀? Nọ́ọ̀sì ni mí, bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi ń wà. Owó tí a ń san fún láńlọ́ọ̀dù wa ní Abbey Wood lóṣooṣù ju ohun tí à ń san fún báńkì nígbà tí a kó wọ ilé tiwa lọ. Agbára àtimáa sanwó kọ́ ni kò sí. Báńkì kì í sábà yáni ju ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ owó tó ń wọlé fún ìdílé lọ́dún. Ká ní ìjọba kò dá sí i, £285,000 ni à bá yá, ìyẹn sì fẹ́ kí owó ọdún wa jọ tó £63,000. Fún £225,000, £50,000 ti tó, ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ wa dé. National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, sọ ní 2019 pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àwọn tó lo ètò yìí ni ì bá ra ilé láìsí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àwa kò sí lára wọn, mo sì mọ ọ̀pọ̀ ìdílé ní Thamesmead àti Dagenham tí kò sí lára wọn.

Níbi owó àjọ ni mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibí fara balẹ̀ kà. Owó tí a kó nídìí àjọ wà lára £15,000 wa, bẹ́ẹ̀ báńkì kò mọ ohun tó ń jẹ́ àjọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé owó ń wọlé láti ọwọ́ èèyàn púpọ̀ tí orúkọ wọn kò jọra, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́yà náà gbọ́dọ̀ bèèrè, nítorí òfin tó de owó ìdọ̀tí kò jẹ́ kó dákẹ́. Ohun tó gbà wá ni pé a tètè kó tiwa, a jẹ́ kí ó sùn sí àkáǹtì fún ìgbà pípẹ́ kí a tó kọ̀wé sí báńkì kankan. Ìyá tó ń gba àjọ wa sì kọ lẹ́tà tó fi orúkọ gbogbo wa, iye tí oníkálùkù ń dá, àti oṣù tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn. A fi ìwé báńkì tiwa há a lẹ́yìn, èyí tó fi hàn pé iye kan náà ló ń jáde lọ́wọ́ wa lóṣooṣù. Lọ́yà kà á, ó béèrè ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta, ó sì gbà á.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà fún wa lówó díẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ̀gbọ́n ní láti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè, àti pé òun kò ní ìpín kankan nínú ilé náà, kí ó sì fi páásípọ́ọ̀tù àti ìwé báńkì tirẹ̀ ránṣẹ́. Inú bí wọn díẹ̀. “Ṣé wọ́n rò pé èmi ni màá wá gba ilé lọ́wọ́ àbúrò mi ni?” Ọkọ mi ní láti lọ sílé wọn, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ṣàlàyé pé òfin ni, pé kò sẹ́ni tó fura sí wọn. Ẹ tètè lọ bá àwọn àgbà yín kí lọ́yà tó béèrè, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàbí ìwọ̀sí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kówó jọ: Lifetime ISA, àkáǹtì ìfowópamọ́ tí ìjọba ń fi owó kún, ṣì wà. Ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 39 lè ṣí i. Bí ẹ bá fi £4,000 sí i lọ́dún, ìjọba á fi £1,000 kún un. Àmọ́ ilé tí ẹ máa fi rà kò gbọdọ̀ ju £450,000 lọ, bí ẹ bá sì yọ owó náà fún nǹkan mìíràn kí ẹ tó pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n á gé 25% nínú rẹ̀.

Ilé náà ńkọ́? Mo fẹ́ràn ilé mi, ṣùgbọ́n ilé tuntun kì í ṣe ilé tí kò lábùkù. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò pa dé, omi ìwẹ̀ kì í ṣàn lọ sí ojú ihò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń lọ dúró sí. Nínú àjà, wọn kò tẹ́ òwú tó ń dá òtútù dúró dé igun kan, yàrá tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tutù bíi dídì. A sanwó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì fi ránṣẹ́ sí kọ́ńtírákítọ̀. Wọ́n tún un ṣe, àmọ́ a kọ̀wé títí ká tó rí wọn. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ọrùn wọn ni àtúnṣe wà, nítorí náà ẹ má fi ohunkóhun falẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ilé náà ni owó ìtọ́jú àdúgbò. A ni ilé, a ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ káńsù kò gba títì àti ibi ìṣeré àwọn ọmọ wa sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló ń gé koríko, tó ń gbówó ọdọọdún lọ́wọ́ wa, iye tí wọ́n ń bù sì ń gòkè, bẹ́ẹ̀ a ń san owó káńsù ní kíkún. Inú ìwé ló wà, alágbàtà kì í sì í fẹnu sọ ọ́. Ẹ bi lọ́yà yín pé ta ló ni títì.

Ó wá ku ẹ̀yáwó náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi ní Abẹ́òkúta pé ìjọba ní ìpín nínú ilé wa, wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní, “Ìpín? Kì í ṣe gbèsè?” Bàbá ti lóye ohun tí ọ̀pọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé kò lóye. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá jọ dáwó ra màlúù: bí màlúù bá wọ́n sí i, ìpín oníkálùkù ló wọ́n sí i. £60,000 kọ́ ni a jẹ ìjọba. 20% ilé ni a jẹ wọ́n, iyekíye tí ilé bá ń lọ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ san án. Bí ilé bá di £340,000, £68,000 ni. Bí ó bá wálẹ̀ sí £280,000, £56,000 ni, ìjọba á bá wa pín àdánù náà, mi ò sì mọ báńkì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí owó wọn wà níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ilé náà háyà bó ṣe wù wá, a sì ní láti gba ìyọ̀ǹda bí a bá fẹ́ kọ́ nǹkan mọ́ ọn.

Ọdún kẹfà ni èlé bẹ̀rẹ̀: 1.75% lórí iye tí wọ́n yá wa níbẹ̀rẹ̀. Lórí £60,000, £1,050 ni lọ́dún, ìyẹn £87.50 lóṣù. Owó yẹn kò dín gbèsè kù rárá. Bí ẹ bá san án fún ọdún mẹ́wàá, 20% iye ilé náà lẹ ṣì jẹ ìjọba. Lóṣù Kẹrin ọdọọdún, ìdá èlé náà á tún gòkè pẹ̀lú ìwọ̀n ọ̀wọ́n ọjà tí wọ́n ń pè ní RPI, pẹ̀lú 1% lórí rẹ̀. CPI, ìwọ̀n ọ̀wọ́n ọjà mìíràn, pẹ̀lú 2% ni fún àwọn tó wọlé láti 2021. Ẹ má jẹ́ kí ìṣirò yìí dẹ́rù bà yín jù: bí RPI bá jẹ́ 3%, 1.75% kò ní di 5.75%, 1.82% ló máa dà.

Ohun tó gba ìràwọ̀ karùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkókò. Ọ̀pọ̀ wa ló de èlé mọ́gééjì wa, ìyẹn owó tí báńkì yá wa lórí ilé, mọ́ ojú kan fún ọdún márùn-ún, ọdún márùn-ún náà sì ni ìjọba kò fi gba èlé tirẹ̀. Méjèèjì wá já lu wa pọ̀ ní 2024, nígbà tí èlé Bank of England wà ní 5.25%, lẹ́yìn tó ti wà nílẹ̀ pátápátá ní 0.1% ní 2020 àti 2021. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́dún náà. Àwa rí ara gbé e nítorí pé láti oṣù tí a ti kó wọlé ni ọkọ mi ti ń ya ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó rẹ́ǹtì àtijọ́ àti mọ́gééjì sọ́tọ̀ sínú àkáǹtì tí a kò fọwọ́ kàn.

A fi owó yẹn san ìdajì ẹ̀yáwó ìjọba. Nígbà tí a san tiwa, ìpín tó kéré jù tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan ni 10% iye tí ilé ń lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ pe ẹni tó ń díye lé ilé tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn amọṣẹ́ ilé tí wọ́n ń pè ní RICS, tí kò bá yín tan, tí kì í sì í ṣe alágbàtà tó fẹ́ ta ilé yín. Oṣù mẹ́ta péré ni ìwé rẹ̀ fi ń wúlò. Owó lọ́yà tún wà, àti £200 fún àwọn tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, tí lẹ́tà wọn sì máa ń pẹ́ dé. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá lọ́yà, ẹ bá báńkì sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ tó pe ẹni tó ń díye lé ilé. Ìwé tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ọjọ́ rẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo ètò tí a ṣe. Wọ́n ní £340,000 ni ilé wa ń lọ, a san £34,000. Èlé orí ìyókù bẹ̀rẹ̀ láti £525 lọ́dún.

Àwọn kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má san nǹkan kan, pé 1.75% kéré sí èlé báńkì. Mi ò fara mọ́ ọn. Èlé nìkan ni wọ́n ń wò. Ìpín ìjọba ń wọ́n bí ilé ṣe ń wọ́n, ẹni tó ń gbé ní àdúgbò tí ilé ti ń gbówó lórí kò yẹ kó fi falẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ra fláàtì ní Woolwich kò ní fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin. £400,000 ni fláàtì rẹ̀, ìjọba mú 40%, ìyẹn £160,000, £2,800 ni èlé ọdún kẹfà. Lẹ́yìn iná tó jó ilé gíga Grenfell ní London, tó pa èèyàn 72 lóṣù Kẹfà ọdún 2017, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè EWS1, ìwé àyẹ̀wò ewu iná lára ògiri ìta ilé, kí wọ́n tó yá èèyàn lówó lórí irú ilé gíga bẹ́ẹ̀. Ilé tirẹ̀ kò rí ìwé náà gbà fún ìgbà pípẹ́. Kò lè tà, kò lè pààrọ̀ báńkì, bẹ́ẹ̀ ìjọba ń gba èlé tiwọn.

Fún ẹ̀yin tó ń wá ilé báyìí, Shared Ownership ni alágbàtà máa kọ́kọ́ nà sí yín, wọ́n á sì sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú Help to Buy. Rárá o. Nínú tiwa, orúkọ wa ló wà lórí gbogbo ilé. Nínú Shared Ownership, ìpín kan lẹ rà, ẹ ó sì máa san rẹ́ǹtì lórí ìyókù. Ká ní ilé £300,000 ni, tí ẹ ra 40%, rẹ́ǹtì orí £180,000 tó kù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 2.75%: £4,950 lọ́dún, £412.50 lóṣù, láti oṣù àkọ́kọ́, láìka mọ́gééjì àti owó ìtọ́jú ilé. Ó sì ń gòkè lọ́dọọdún. Ó ṣì lè bá ìdílé tí owó rẹ̀ kò tó mọ́gééjì ńlá mu, mo mọ ẹni tó ṣe é tí inú rẹ̀ dùn. Ẹ kàn gba ìwé ìṣirò rẹ́ǹtì náà, kí ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà tí ẹ fúnra yín yàn kà á kí ẹ tó san owó tí wọ́n fi ń di ilé mú fún yín.