Abọ́ ike tó ń jẹrà: èwo ló lè gba oúnjẹ gbígbóná?

Ìkọ́kọrẹ́ ni mo bù sínú abọ́ náà lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tààrà láti orí iná. Abọ́ mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, pé ó ń jẹrà. Kí n tó bu ìkejì tán, ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ti wọ́lẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa, epo sì ti ń ṣàn sára agbádá oníbàárà mi. Irọ́ kọ́ ni ẹni yẹn pa. Ohun tí kò sọ fún mi, tí èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè, ni bí wọ́n ṣe mú ike náà tutù ní ilé iṣẹ́.

Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí ojú kò lè rí ló kún inú ike. Bó bá yọ́, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Bó ṣe ń tutù, wọ́n á máa ká, wọ́n á máa tò léra bí aṣọ inú àpótí. Ibi tí wọ́n bá ti tò ni a ń pè ní ibi tó dì, ibẹ̀ ló sì ń gba ooru mọ́ra. Bí ó bá tutù kíákíá jù, wọn kò ní ráyè tò. Bí wọ́n ṣe lọ́ náà ni wọ́n á ṣe gan síbẹ̀. Ẹni tó ti yọ́ òrí rí mọ ohun tí ìyára lè ṣe: èyí tó tutù díẹ̀díẹ̀ á ṣe wóró wóró, èyí tí a tètè mú tutù á jọ̀lọ̀.

PLA ni wọ́n ń pe ike àgbàdo yìí, kì í sì í tètè dì. Láàárín 100 sí 120°C ló ti ń dì dáadáa jù, bẹ́ẹ̀ mọ́ọ̀dì tútù ni wọ́n sábà ń dà á sí kí iṣẹ́ lè yá. Ìdí nìyẹn tó fi ń mọ́ gaara: kò dì. Irú èyí á ti máa rọ bí ooru bá ti tó 55 sí 60°C. Ó dára fún zobo, fún sàláàdì, fún ọsàn gígé. Ẹ má ṣe gbé páálí rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí ẹ ti gíláàsì rẹ̀ pa nínú oòrùn o.

PLA kan náà ni CPLA, ṣùgbọ́n wọ́n ti po ìyẹ̀fun táàkì mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páúdà. Ara ìyẹ̀fun yẹn ni àwọn okùn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí tò. Wọ́n á tún fi í sínú mọ́ọ̀dì gbígbóná títí yóò fi dì. Ó máa ń funfun bíi wàrà, ó sì lè gba nǹkan bí 85 sí 90°C. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí pé ó ń pẹ́ nínú mọ́ọ̀dì. Òun ni mò ń rà báyìí fún ìkọ́kọrẹ́ àti ọbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì dùn mí.

Àwọn kan á sọ fún yín pé àdàlù ni tiwọn, nítorí náà kò lè rọ. Ẹ fara balẹ̀. PBAT, ike mìíràn tó ń jẹrà, ni wọ́n sábà ń dà pọ̀ mọ́ PLA. Àwọn méjèèjì kò wọnú ara wọn. Bí epo ṣe ń léfòó ní ẹyọ ẹyọ nínú omi ni PBAT ṣe ń wà láàárín PLA. Abọ́ kò ní fọ́ bó bá já bọ́, ìyẹn dára. Àmọ́ bí PLA inú rẹ̀ kò bá dì, abọ́ náà á ṣì rọ. PBAT fúnra rẹ̀ rọ̀, ọ̀rá ìkójà ló yẹ ẹ́.

PBS, ike mìíràn tó ń jẹrà, máa ń tètè dì, kò nílò mọ́ọ̀dì gbígbóná, kì í sì í yọ́ títí ó fi tó nǹkan bí 115°C. Bí ẹ bá rí ife bébà tí wọ́n fi PBS tẹ́ inú rẹ̀, ẹ rà á fún tíì.

Ti ike tí wọ́n ń pè ní PHB ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é sínú ara rẹ̀ bí ọ̀rá. Maurice Lemoigne, ará Faransé, ló ṣàwárí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1926. Ó ń gba ooru dáadáa, ó sì ń jẹrà nínú ilẹ̀ lásán. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í dẹ́kun dídì. Lórí àtẹ níbẹ̀ ló ti ń dì lọ, á sì máa gan sí i. Ẹ tẹ ṣíbí kan kí ẹ tó ra páálí. Bó bá dá pàkà, ó ti pẹ́ nílé ọjà.

Àwọn míì ń po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ mọ́ ike. Ará Ìjẹ̀bú kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn: ìdí tí ẹ̀bà àná fi ń le gan ni pé okùn inú sítáàṣì tún padà tò. Ó tún máa ń fa omi. Fún ìpékeré àti ṣin-ṣín nìkan ni mo fọwọ́ sí i.

Láti oṣù kìíní ọdún 2024 tí ìjọba Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù ni àwọn oníbàárà mi láti Èkó ti ń béèrè ohun tó ń jẹrà. Mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn: PLA kì í jẹrà nínú gọ́tà. Ààtàn tí a dìídì ṣe, tí inú rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 58°C, ló ń jẹ ẹ́, èyí tó dì sì ń pẹ́ ju èyí tí kò dì lọ.

Ẹ má fi àwọ̀ funfun ṣe ẹ̀rí, nítorí a lè fi aró lásán pa ike láró. Fláàsì omi gbígbóná ni mò ń gbé lọ sọ́jà. Ní Ṣàgámù lọ́sẹ̀ tó kọjá, abọ́ mẹ́ta ni mo bu omi sí. Èyí tó mọ́ gaara ti tẹ̀ kí n tó ka ọgbọ̀n. Funfun kan tẹ̀ lé e. Èmi àti ọmọbìnrin tó ń tajà jọ ka ìkẹta dé ọgọ́fà, mo fi ìka méjì gbé e ní etí, ẹnu rẹ̀ ṣì rí roboto. Páálí mẹ́rin ni mo rà.