Kọntirólà Seaking 180 nínú ọkọ̀ ojú omi mi: fóltì ni mo rà, kì í ṣe ámpù

Kọntirólà (ẹ̀rọ tó ń gba iná lára bátìrì, tó ń fi darí mọ́tò) tí mo kọ́kọ́ rà fún ọkọ̀ eré mi, ọkọ̀ ojú omi kékeré tí mo ń fi rìmóòtù wà, 120 ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lẹ́yìn. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Nọ́ńbà yẹn ló wọ̀ mí lójú, mo ní ámpù 120 (bí iná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó) á tó, á sì tún ṣẹ́ kù. Ìyípo kẹta ni mo wà tí ọkọ̀ fi dákẹ́ lódìkejì omi, tí èéfín sì ń rú lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Kí n tó rí i fà wá sí etí omi, òórùn nǹkan tó jóná ti gba gbogbo ibẹ̀.

Mo gé ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi wé e. Kapásítọ̀ mẹ́rin, ìyẹn agolo kéékèèké tó ń gba iná dúró díẹ̀, ló wà lẹ́nu wáyà bátìrì. Méjì ti wú lórí, ìkẹta ti bẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ta sára èkejì rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, pátákó rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń wa ọkọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò tilẹ̀ bèèrè ámpù rẹ̀.

“Àbúrò, ta ló fa wáyà bátìrì yìí gùn tó báyìí?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn ni mo gbé bátìrì sí kí imú ọkọ̀ má baà rì.”

“Ìwọ lo pa á nìyẹn.”

Mo kọ́kọ́ bínú, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Kọntirólà kì í fa iná lára bátìrì ní ìfà kan ṣoṣo. Ṣe ló ń tàn án tó ń pa á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbà tó bá pa á, iná tó ti ń sáré bọ̀ nínú wáyà ò rí ibi gbà, kapásítọ̀ ló máa lọ kọlù. Bí wáyà bá ṣe gùn tó ni ìkọlù náà ṣe ń le tó, sẹ̀ǹtímítà 20 gbáko ni mo sì ti fi kún un. Bí bátìrì yín bá jìnnà sí mọ́tò, wáyà mẹ́ta tó lọ sí mọ́tò ni kí ẹ fà gùn. Ẹ jẹ́ kí ti bátìrì kúrú. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ wá kapásítọ̀ tó jẹ́ low ESR (èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dènà iná), kí ẹ fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu kọntirólà gan-an.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì ni pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ nínú omi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo yọ onímílímítà 42 tí mo fi 45 sí i. Mílímítà 3 péré, ẹ máa ní kí ló wà níbẹ̀. Bí mọ́tò bá fẹ́ yí un bó ṣe ń yí ti tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ni agbára tó máa ná á fi máa lé sí i. Nígbà tí mo yá mítà tí mo so ó sáàárín wáyà, pẹ̀lú 42 lásán, ámpù 150 ló ń kà. Ẹ wo èmi tí mo ń bínú sí ẹni ẹlẹ́ni.

Nígbà tí mo fẹ́ ra òmíràn, mo jókòó ṣe ìṣirò. Bátìrì mi nígbà yẹn jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 4, fóltì (agbára tó ń ti iná) 14.8, mọ́tò mi sì jẹ́ 2200 KV (ìyípo 2,200 ní ìṣẹ́jú kan fún fóltì kọ̀ọ̀kan), ìyẹn nǹkan bí ìyípo 32,500 ní ìṣẹ́jú kan tí kò bá gbé ẹrù. Bí mo bá lọ sí sẹ́ẹ̀lì 6, fóltì 22.2, mọ́tò 1500 KV á fún mi ní 33,300. Eré kan náà ni. Ṣùgbọ́n wáàtì 2,220 tó ń gba ámpù 150 lọ́wọ́ fóltì 14.8, ámpù 100 péré ló máa gbà lọ́wọ́ 22.2. Ooru kì í sì í bá ámpù rìn ní ìgbésẹ̀ kan náà. Ìlọ́po méjì ámpù, ìlọ́po mẹ́rin ooru. Láti 150 sí 100, ooru ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra mọ́tò àti bátìrì tuntun kí n tó ra kọntirólà.

Seaking 180 ti Hobbywing ni mo wá mú. Sẹ́ẹ̀lì 2 sí 6 ló ń gbà, omi ló ń tù ú, ó sì ní BEC tirẹ̀, ẹ̀yà tó ń sọ fóltì bátìrì di kékeré fún servo (mọ́tò kékeré tó ń yí ìtọ́kọ̀) àti rìsífà (èyí tó ń gba àṣẹ rìmóòtù). Ámpù 100 nínú 180, ó lè mí dáadáa. Mo fi káàdì tí wọ́n fi ń tò ó pa rìfáàsì, torí ọkọ̀ eré ò nílò àtipadà sẹ́yìn lójijì nígbà tí pùròpẹ́là ń yí kíkankíkan. Mo tún gbé fóltì tó ti máa gé iná sókè díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì LiPo, irú bátìrì tí mò ń lò, tó bá sọ̀kalẹ̀ ju fóltì 3 lọ ti ń bàjẹ́ nìyẹn, mi ò fẹ́ ra bátìrì lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn eré ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ṣí ìdérí, mo fọwọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbóná gidi, èmi ni mo sì fà á: ewé kan ti dí ẹnu páìpù tó ń fa omi wọlé. Látìgbà náà, kí n tó fi ọkọ̀ sáré, mo máa ń wo ihò tí omi ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí omi ò bá tú jáde bí ẹni tutọ́, mo ti ń dá a padà sí etí omi nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ lo sẹ́ẹ̀lì 8 tàbí 10 kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Kó lọ wá èyí tí wọ́n ṣe fún fóltì ńlá, tí yóò lo BEC ọ̀tọ̀. Ní tèmi, kọntirólà tó jóná yẹn ṣì wúlò. Wáyà rẹ̀ ni mo gé tí mo fi fa mẹ́ta ti mọ́tò gùn.