Àgbéyẹ̀wò eré orí rédíò nípa Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ tí ó kọ̀wé nípa Ìjẹ̀bú

Àwa tí a kàwé ní Ìjẹ̀bú-Òde ti gbọ́ orúkọ Duarte Pacheco Pereira rí, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ju pé òyìnbó Potogí kan ni, tí ó dárúkọ ìlú wa nínú ìwé rẹ̀ láyé àtijọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fara balẹ̀ gbọ́ eré onípele tí ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣe nípa rẹ̀ lédè Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Eré náà dùn gan-an níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lórí omi. Ìgbà tí ó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹnu ọ̀sà Èkó ni ó dùn jù. Pacheco fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé rẹ̀, Esmeraldo de Situ Orbis, tí ó kọ láàárín ọdún 1505 sí 1508, pé iyanrìn dí ẹnu odò náà, pé ìgbì ń fọ́ lé e lórí fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún débi pé ojú ọ̀nà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn, àti pé ọkọ̀ kékeré tí kò ju tọ́ọ̀nù 30 sí 35 lọ nìkan ni ó lè wọlé. Wọn kò jẹ́ kí asọ̀tàn ka èyí fún wa. Òjé tí wọ́n so mọ́ okùn ni a gbọ́ tí ó já sínú omi, atukọ̀ kan sì ń ké bí omi ṣe jìn tó, iye tí ó ń pè ń dín kù, ohùn rẹ̀ ń ga sí i, títí ìdí ọkọ̀ fi ha iyanrìn, tí gbogbo wọn sì pa lọ́lọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí já wọlé! Inú bí mi.

Ohun tí ìwé náà sọ nípa Ìjẹ̀bú kò pọ̀: ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká, ọba tí ó pè ní Agusale, ìyẹn Awùjalẹ̀, àti òwò eyín erin òun ẹrú, tí wọ́n ń ta ẹnì kan ní ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15. Kò sọ níbẹ̀ pé òun àti Awùjalẹ̀ fojú kanra, síbẹ̀ eré náà jókòó tì wọ́n láàfin pẹ̀lú obì àti àwàdà. Òǹkọ̀wé eré lè ṣe bẹ́ẹ̀, n kò bá a jà. Èyí tí mo bá a jà lé lórí ni pé òwò ẹrú kọjá bí ẹni sáré la òjò kọjá: a gbọ́ tí ẹ̀gbà ń dún bí wọ́n ti ń kà á, orin sì bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kà á lé lórí kò sọ gbólóhùn kan nínú gbogbo eré náà.

Yàrà ọ̀hún kò sì rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Ẹrẹ́dò Súngbọ́, bí a ṣe ń pe yàrà náà, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, ó sì jìn tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ẹni tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ rí mọ̀ pé ohùn ènìyàn kì í dún níbẹ̀ bí ó ṣe ń dún lójúde. Ilẹ̀kùn tí ń han ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè náà ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka ìròyìn, bẹ́ẹ̀ sì ni àgbààgbà tí ó gbọ́ ojúlówó Ìjẹ̀bú kò tíì wọ́n.

Ogun Cochin ti ọdún 1504, tí Pacheco jà ní ilẹ̀ Íńdíà, kọjá wìrì. Ìparí tún gbé eré náà dìde: Pacheco di gómìnà Elmina, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, ní 1519, ní 1522 wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é padà sí Potogí, ó sì kú ní 1533. Wọn kò sọ pé ọdún 1892 ni wọ́n tó kọ́kọ́ tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ọdún kan náà tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n. Ìyẹn ìbá ti dùn létí wa.

Ẹ̀dà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbọ́, kò ní ìpolówó nínú, kò sì jẹ dátà púpọ̀. Bí àyè kò bá gbà yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀sà.