Mo ta mọ́tò mi: ọdún kan ó lé lórí réluwéè, danfo àti ẹsẹ̀ ara mi

Nígbà tí mo ta mọ́tò mi ní ìparí ọdún 2024, aládùúgbò wa kan wá kí mi nílé bí ẹni wá kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò." Mo ṣe àmín. Kí ni n bá tún sọ?

Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Tòkunbọ̀ tó ti gbó ni, ó máa ń gbóná lórí afárá, mẹkáníìkì mi sì ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ mi. Lítà epo kan tí kò tó ₦200 kí oṣù Karùn-ún 2023 tó parí ti wá kọjá ₦1,000. Bí mo bá ra epo ₦20,000 ní Mọ́ńdè, tó bá fi máa di Tọ́sìdeè, iná epo ti ń wò mí lójú. Fẹ́sítáàkì ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ṣírò rẹ̀ títí, mo tà á.

Èyí tó dùn ni kí n kọ́kọ́ sọ, ìyẹn réluwéè búlúù láti Mile 2 sí Marina. Ibùdó márùn-ún péré ló ní: Mile 2, Suru-Alaba, Orílé Igánmú, Tíátà àti Marina. Gbogbo rẹ̀ ò ju kìlómítà 13 lọ. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, iná mànàmáná ló sì ń lò. Ọ̀nà tí mo máa ń fi wákàtí méjì jókòó sí nínú sún kẹ́rẹ fà kẹ́rẹ, kì í gbà mí tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mọ́. Láti Tíátà sí Marina, orí omi lẹ máa gbà kọjá. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ẹ máa rí ọkọ̀ ojú omi kéékèèké nísàlẹ̀, ẹ sì máa rí àwọn mọ́tò tó tò lọ bẹẹrẹ lórí afárá. Èmi náà wà láàárín wọn rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan dúró níwájú mi, ó mú dígí kékeré lọ́wọ́ òsì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lé tìróò. Réluwéè ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ṣe ojú kan tán, ó ṣe èkejì, ó pa dígí dé, a dé Marina. Ẹ dán an wò nínú danfo, kí ẹ wá sọ ojú tó kù fún mi.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ìtàn rẹ̀. Láyé Bàbá Jákáńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé réluwéè ìgboro Èkó kalẹ̀, lọ́dún 1983. Ìjọba ológun Buhari fagi lé e ní 1985. Buhari yìí kan náà ló wá ṣí ti búlúù yìí ní oṣù Kìíní 2023. Ká ní wọ́n jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dúró ni, bóyá n kì bá tí ra mọ́tò rárá.

Káàdì Cowry lẹ máa fi sanwó, òun náà lẹ máa lò fún bọ́ọ̀sì BRT àti ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Ẹ máa wo iye tó kù nínú rẹ̀ ní alẹ́. Èmi ò wò ó lọ́jọ́ kan. Mo fi kan ẹ̀rọ, géètì ò ṣí. Mo tún fi kàn án, bí ẹni pé àánú mi máa ṣe é. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé. Ẹ̀bi ara mi ni, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Réluwéè ò dé ẹnu ọ̀nà ilé mi ṣá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń wọ̀ dé Mile 2. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, owó kẹ̀kẹ́ á di ìlọ́po méjì lójú ẹsẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣèpàdé. Mo ti ra bàtà rọ́bà. Bàtà iṣẹ́ mi ń bẹ lábẹ́ tábìlì lọ́fíìsì, kì í bá mi wálé.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé Agége. Réluwéè pupa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2024 ń lọ láti Agbádò dé Oyingbo, ó sì ń dúró ní Agége, àmọ́ òun àti ti búlúù ò tíì pàdé. Nítorí náà, danfo ni mo máa ń wọ̀ láti Mile 2 dé Òṣòdì, kí n tó wọ ti pupa. Nínú danfo Òṣòdì yẹn ni kọ̀ńdọ́ ti pa èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan pọ̀. Owó ọkọ̀ ₦500, olúkúlùkù wa fún un ní ẹgbẹ̀rún kan, ó wá gbé ẹgbẹ̀rún kan ṣoṣo fún wa. "Mọ́mì, ẹ̀yin àti bọ̀dá yẹn o!" Ó ti fò sókè, wọ́n ti lọ. A lọ bá ẹlẹ́ran, kò ní ṣéńjì. A bá ẹni tó ń ta káàdì fóònù, kò dá wa lóhùn. Ọmọ náà ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àkáǹtì, òun á fi tèmi ránṣẹ́. Mo wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìpékeré la fi yanjú rẹ̀, èmi ẹyọ kan, òun ẹyọ kan. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò sí ní gáréèjì, kódà kí èrò inú rẹ̀ jọ ọmọlúàbí. Ẹ gbé báàgì síwájú. Mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń gbé Èkó mọ ohun tí mò ń sọ.

Fún iṣẹ́, mo fún ìgbésí ayé yìí ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún Sátidé, ẹyọ kan, ẹyọ kan náà sì pọ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ wé gèlè wọ danfo. Òrùlé ọkọ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á parí rẹ̀. Inú ọ̀rá ni tèmi máa ń wà báyìí, ẹnu géètì ilé ayẹyẹ ni mo ti ń wé e, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Ìgbà tí a bá fẹ́ padà sílé ló tún le jù. Mo máa fi fóònù pe ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà á pè mí: "Níbo lẹ̀ ń lọ, mà? Káàṣì ni àbí tíránsífà?" Bí mo bá ti pe Fẹ́sítáàkì, ó ti pa á. Ní oṣù tó kọjá, mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ̀ lé ara wọn, mo jókòó lórí àga pẹ̀lú kúlà àti báfù tí wọ́n fún mi, wọ́n sì ti ń tú kánópì lórí mi.

Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú lóṣù tó ń bọ̀. Orúnkún wọn ò lè gun àtẹ̀gùn Mile 2, mi ò sì ní gbé wọn sínú danfo. Mo ti lọ bá aládùúgbò tó wá kí mi yẹn pé kó yá mi ní mọ́tò rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ní òun á rò ó.