Ẹ̀rọ Amókùúta-dán Tó Ń Gbọ̀n: Omi Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

Kí n tètè sọ ọ́: nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo fi ń mú òkúta dán nílé, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n yìí ni ààyò mi. Síbẹ̀, mi ò ní gba ẹni tí kì í dúró nílé nímọ̀ràn pé kó rà á. Omi ló fà á, màá sì dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni èyí tó ń yí: àgbá kékeré kan tó dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pá méjì, tí òkúta inú rẹ̀ ń gòkè, tí wọ́n sì ń yí gbirigbiri wálẹ̀ lórí ara wọn tọ̀sán-tòru. Ìpele kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí oṣù kan sì ni gbogbo iṣẹ́ máa ń tó parí. Èyí tó ń gbọ̀n kì í yí abọ́ rẹ̀ rárá. Abọ́ náà jókòó lórí sípíríǹgì, mọ́tò kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n so irin mọ́, irin náà sì wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ. Bí mọ́tò bá ti ń yí, irin yìí á máa ta abọ́ náà jìgìjìgì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Òkúta inú rẹ̀ á wá máa rìn yí abọ́ ká díẹ̀díẹ̀, wọ́n á rì, wọ́n á tún yọ sókè. Ó wù mí láti máa wo ìrìn yẹn. Bí ẹ bá ti fojú sí i dáadáa, ẹ ó mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ tàbí kò lọ.

Nítorí pé òkúta kì í já lu ara wọn níbẹ̀, ìrísí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ègé agate (irú òkúta líle kan) pẹlẹbẹ tí mo fi ayùn gé á jáde bó ṣe wọlé gẹ́lẹ́, etí rẹ̀ nìkan ni kò ní mú mọ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí òkúta ṣe róbótó, kó yáa wá ẹ̀rọ tó ń yí. Èmi máa ń fi ẹ̀rọ tó ń yí ṣe ìpele àkọ́kọ́, níbi tí a ti ń fi gíríìtì 60/90 (gíríìtì ni hóró líle wẹ́wẹ́ tó ń ha òkúta; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ló ṣe kúnná tó) jẹ igun àti ihò òkúta kúrò, kí n tó kó wọn bọ́ sínú èyí tó ń gbọ̀n. Láti ibẹ̀ lọ, 120/220 àti 500 kì í ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ gan-an.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi. Nínú àgbá tó ń yí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òkúta. Nínú abọ́ tó ń gbọ̀n, kò yẹ kí omi dá dúró nísàlẹ̀ rárá. Kí òkúta ṣáà tutù, kí gíríìtì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Bí omi bá pọ̀ jù, gíríìtì á ṣàn lọ sísàlẹ̀, òkúta á sì máa ha ara wọn lásán. Bó bá kéré jù, ẹrẹ̀ tó ń jáde lára òkúta á gan, ìrìn wọn á máa falẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi dúró gbagidi nígbà tí mọ́tò ṣì ń kùn. Omi náà kò sì dúró sójú kan: ooru mọ́tò àti gbígbọ̀n abọ́ ń mú un gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kì í ṣe ẹ̀rọ tí èèyàn máa tàn sílẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Mo máa ń ṣí ìdérí rẹ̀ ní wákàtí mélòó kan síra wọn, màá fi ìka kan òkúta. Ohun tí mò ń wá ni ẹrẹ̀ tó ki bí ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri, tó sì ṣì ń yọ̀. Bó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ìka, màá fi ike ìfọ́nmi fọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, màá sì dúró wò ó. Ẹ jẹ́ kí omi wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí èyí tó bá ti wọlé kò ṣeé yọ. Ẹ fetí sí i pẹ̀lú. Bí omi bá ti pọ̀ jù, òkúta á máa dún wọnran-wọnran. Bí ẹrẹ̀ bá ń gan, ohùn ẹ̀rọ á wálẹ̀, á sì ki. Ìwé ìlànà tó bá tèmi wá kò sọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Iye omi kan ṣoṣo ló kọ síbẹ̀, bí ẹni pé gbogbo òkúta ń mu omi bákan náà. Èyí bí mi nínú, torí ibẹ̀ ni olùbẹ̀rẹ̀ ti máa ń rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́.

Kí abọ́ kún tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó lé díẹ̀, kí ńlá àti kékeré sì dàpọ̀; bí òkúta kò bá tó, sèrámíìkì wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi dí i. Ẹ má ṣe da òkúta tí líle wọn kò bára mu pọ̀. Agate, jasper àti quartz wà ní nǹkan bíi 7 lórí ìwọ̀n Mohs, tí a fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó láti 1 dé 10, wọ́n lè jọ wọlé. Obsidian, òkúta tó dà bíi dígí, wà ní nǹkan bíi 5 àtààbọ̀, wọ́n á fi í ṣe yẹpẹrẹ. Èyí tó bá sán, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí gíríìtì á fara pamọ́ sínú ojú sísán náà títí á fi dé ìpele ìkẹyìn, ẹyọ hóró kan ṣoṣo sì tó láti ha gbogbo òkúta tó wà nínú abọ́. Èmi máa ń fi búrọ́ṣì ìfọyín fọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ìpele kan sí òmíràn, abọ́ tí mo fi ń dán wọn nígbẹ̀yìn sì wà lọ́tọ̀.

Ìyẹ̀fun aluminium oxide tó kúnná gan-an ni mo ń lò níkẹyìn láti mú wọn dán. Àwọn mìíràn fẹ́ràn cerium oxide. Ẹ má gba ohun tí òkúta tútù bá fi hàn yín gbọ́, gbogbo òkúta ló ń dán nínú omi. Ẹ nu ọ̀kan gbẹ, kí ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù. Bí ẹ bá rí gílóòbù náà ketekete lójú òkúta, tí etí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣe bàìbàì, ó ti jinná. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi ọṣẹ àti omi gbọ̀n wọ́n fún ìgbà díẹ̀ láti kó ìyókù ìyẹ̀fun ara wọn kúrò.

Ariwo rẹ̀ kò kéré, ẹ má gbé e sí yàrá tí èèyàn ń sùn. Ẹ má da ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú páìpù omi ìdọ̀tí, á gan síbẹ̀ bíi sìmẹ́ǹtì àwọn akọ́lé. Ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ kó di eruku tí ẹ ó máa fà símú, torí eruku irú òkúta wọ̀nyí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dúró, ẹ tètè kó òkúta jáde kí ẹ fọ abọ́ náà.

Gíríìtì ń jẹ abọ́ náà bó ṣe ń jẹ òkúta. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń ta abọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀.