NetworkX fún fífi nẹ́tíwọ̀kì wéra: ohun tó ń rí àti ohun tó ń fò dá

Ì báà jẹ́ mólékù, ọpọlọ tàbí àwùjọ èèyàn lẹ fẹ́ fi wéra, NetworkX ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ lò. Láíbìrì (àkójọ irinṣẹ́) fún èdè kọ̀ǹpútà Python ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà níta láti 2005.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ọ̀nà ìfiwéra pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ sì lè fi nǹkan kékeré dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Kókó ni nǹkan kọ̀ọ̀kan inú nẹ́tíwọ̀kì, ìlà ni ohun tó so kókó méjì pọ̀. Ẹ ya òbìrípo oní-kókó 6, kí ẹ tún ya onígun mẹ́ta méjì tí kò kan ara wọn. Kókó 6, ìlà 6, ìlà méjì-méjì lára kókó kọ̀ọ̀kan. weisfeiler_lehman_graph_hash, tó ń fi bí kókó ṣe so mọ́ aládùúgbò wọn ṣe àmì fún nẹ́tíwọ̀kì, á fún wọn ní àmì kan náà, bẹ́ẹ̀ ọmọdé tó bá wò wọ́n á mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀. graph_edit_distance, tó ń ka àtúnṣe tó kéré jù tó lè sọ ọ̀kan di èkejì, á ní 4 ni: ẹ yọ ìlà méjì, ẹ fi méjì mìíràn sí i. Ojú adjacency_spectrum (àwọn nọ́ńbà, eigenvalue, tí a ń ṣírò látinú tábìlì kókó tó so mọ́ra) náà kò tó gbogbo ibi: ìràwọ̀ ẹlẹ́ka 4, àti onígun mẹ́rin tí kókó kan dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 2, 0, 0, 0, −2 ló ń mú wá fún méjèèjì. laplacian_spectrum, tó ń lo tábìlì mìíràn tó ka iye ìlà kókó kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, ló máa yà wọ́n, torí iye òdo inú rẹ̀ ni iye ọ̀nà tí nẹ́tíwọ̀kì pín sí.

Ẹ̀yin oníkẹ́mísírì, ẹ ṣọ́ra. Bí a bá yọ háídírójìn kúrò, is_isomorphic, tó ń wò bóyá nẹ́tíwọ̀kì méjì rí bákan náà, á ní ọ̀kan ni bẹ́nsíìnì (benzene) àti píràdínì (pyridine), torí òrùka átọ́ọ̀mù 6 ni méjèèjì, àfi tí ẹ bá fi node_match sọ fún un pé nítírójìn kì í ṣe kábọ̀nù.

Ibi tó ń dùn mí ni graph_edit_distance. Bí kókó bá ń pọ̀ díẹ̀, àkókò tó ń gbà á pọ̀ kọjá àlà. Ẹ lè fi timeout dá a dúró, ṣùgbọ́n iye tó kéré jù tó rí títí di ìgbà yẹn ló máa dá padà, kò sì ní sọ bóyá ó péye. Ẹ má kọ ọ́ sínú àbájáde bí òdodo pọ́ńbélé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹ mọ kókó tó bá kókó mu. Bó bá jẹ́ apá ọpọlọ kan náà lára èèyàn méjì ni, ẹ fi ìlà wé ìlà, ó parí. Ṣùgbọ́n aràn kékeré C. elegans tó jẹ́ akọ-àti-abo ní nùrọ́ọ̀nù (sẹ́ẹ̀lì iṣan ara) 302, ti akọ sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, kókó wọn kò lè bára mu tán. Fún irú èyí, ẹ ka àwọn àwòṣe kéékèèké, bí onígun mẹ́ta, inú nẹ́tíwọ̀kì méjèèjì, kí ẹ fi iye wọn wéra.