Ọkọ̀ àjẹ̀ tó gbé wa lọ wo ẹyẹ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ọkọ̀ wo ló dáa kéèyàn wọ̀ lọ wo ẹyẹ, mo ti rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn o. Ọkọ̀ igi lásán ni, kò ní ẹ́ńjìnnì, bàbá kan ló ń tù ú láti etí ọ̀sà níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sọ́nà Aguégués, àwọn abúlé orí omi yẹn. 5000 sefà fún wákàtí mẹ́ta, èmi àti àbúrò mi obìnrin.

Àìní ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ni mo sanwó fún. Lọ́dún tó kọjá mo wọ ẹlẹ́ńjìnnì kan, ariwo ẹ̀ gba gbogbo omi kan, lékeléke nìkan la rí, ìyẹn ò sì bẹ̀rù èèyàn tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹbí ẹ̀ kéékèèké tó ń gbé inú eèsún, kó o tó sún mọ́ wọn wọ́n ti wọnú ẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an, torí owó yẹn pọ̀.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la gbéra. Nígbà tá a débi tí eèsún ti dí, bàbá gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó rọra ń ti ọkọ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àbúrò mi ní, "Bàbá, mi ò rí nǹkan kan o." Bàbá ní, "Ìyá mi, má wá ẹyẹ, ojú ẹ̀ ni kó o wá."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí ọ̀kan nínú àwọn ẹbí lékeléke kéékèèké yẹn. Ojú pupa rẹ́súrẹ́sú kan láàárín eèsún, ẹnu ṣóńṣó tó kọ sójú ọ̀run, ọrùn tó nílà bí igi eèsún gbígbẹ, ẹsẹ̀ kan gbá igi kan mú, ẹsẹ̀ kejì gbá òmíì. Atẹ́gùn fẹ́, eèsún mì, òun náà bá a mì! Gbogbo ara ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 35 sẹ̀ńtímítà lọ. Mi ò lè mí.

Irú ẹyẹ mìíì wà lórí igi akadja, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì sómi kí ẹja lè kó síbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ó ká ọrùn sínú bí ẹni tí òtútù ń mú, àfi fìrì, ẹja ti wà lẹ́nu ẹ̀. Irú ẹ̀ yìí, wọ́n ti rí i láwọn ibì kan tó ń ju kòkòrò sójú omi láti fi tan ẹja wá, ọgbọ́n apẹja gidi. Ìkẹta fò funfun báláú, àbúrò mi pariwo "lékeléke!", bàbá ní kó dúró kó bà ná. Ó bà, ó pa ìyẹ́ dé, ó di àwọ̀ koríko gbígbẹ, a ò rí i mọ́.

Èyí tí mi ò fẹ́ ni pé kò sí ẹ̀wù tí ń múni léfòó, mo sì sọ fún bàbá. Ìjókòó tutù, ẹ mú aṣọ dání.

Ọ̀sà yìí pẹ̀lú ọ̀sà Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé ti wà nínú ìwé Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí àwọn ibi olómi, láti ọdún 2000, pé omi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé ni. Síbẹ̀ níbi tá a yà sí nígbà tá à ń bọ̀, wọ́n ti sun eèsún deérú, kò sí ẹyẹ kankan ńbẹ̀. Bàbá kàn ń wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń sun ún kí wọ́n yéé sun ún.

Tí òjò bá ti wọlé la máa padà lọ, torí èyí tó kéré jù nínú àwọn ẹbí lékeléke yìí, ẹlẹ́yìn eérú tí àyà ẹ̀ nílà yẹn, òjò ló máa ń tẹ̀ lé.